Ilé Oúnjẹ Oníkọ́kọrẹ́ Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti Kòkòrò Tó Ń Gbé Ihò Imú Wa

Ilé oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìhà Ìta-Àlẹ̀, kò sì ní pátákó orúkọ kankan lẹ́nu ọ̀nà. “Ọ̀dọ̀ Màmá” ni àwọn oníbàárà ń pè é, n kò sì ní pè é ní orúkọ mìíràn, nítorí pé àwọn ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí níbẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, kì í ṣe ti ibẹ̀ nìkan. Ìkọ́kọrẹ́ ló gbé wọn lókìkí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ta ẹ̀bà, èbìrìpò, ìrẹsì ọ̀fadà àti oríṣiríṣi ọbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ń yẹ ilé oúnjẹ wò sábà máa ń sọ̀rọ̀ adùn, ìwọ̀n ẹran àti owó. N ó sọ díẹ̀ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ojú mi kì í sì í kúrò lára ọwọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ.

Ìdí rẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Staphylococcus aureus. Ṣàṣà ni ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ní Ṣágámù tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí pé àwọn tó ń polówó àgbo nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì kì í fi í sílẹ̀. Sítáfì ni wọ́n ní ó ń ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́, sítáfì ni wọ́n ní kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún, ìgò kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní yóò lé e jáde pátápátá. Ẹ̀rù tí kò nídìí ni wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ àgbo náà. Kòkòrò yìí kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ara wọn dá ṣáṣá, nǹkan bí mẹ́ta ló ń gbé e kiri nínú ihò imú láìmọ̀, láìsí pé ó ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó tún máa ń wà ní abíyá, ní ìtan àti ní ọwọ́. Bí a bá sì rí i nínú ohun tí a gbà lára ènìyàn fún àyẹ̀wò, ó yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè bóyá láti ara awọ ló ti bọ́ sínú ìgò, kí á tó fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ibi tí awọ ara bá ti là ni ó ti ń di àrùn. Eéwo, àkàndùn, egbò tó ń sun ọyún, èépá tó máa ń yọ yí imú àti ẹnu àwọn ọmọdé ká, kòkòrò yìí ló sábà máa ń wà nídìí wọn. Inú ọyún ni Alexander Ogston, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan ní ìlú Aberdeen ní Scotland, ti rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù ní 1880. Ó gún ọyún eéwo sí ara ẹranko, eéwo sì yọ lára wọn; nígbà tó kọ́kọ́ fi iná mú ọyún náà gbóná kí ó tó gún un sí wọn lára, eéwo kò yọ. Iná ti pa kòkòrò náà. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, olóúnjẹ tí ìkòkò rẹ̀ bá ti hó kò ní ohun tí yóò máa bẹ̀rù mọ́, èmi náà kò sì ní í máa wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kòkòrò tí iná ń pa yìí máa ń pèsè oró sínú oúnjẹ tí ó bá ti ráyè gbèrú níbẹ̀, iná ìdáná kò sì lè ba oró náà jẹ́. Ọbẹ̀ tí oró yìí bá ti wà nínú rẹ̀, bí a bá gbé e padà sórí iná tó sì hó dáadáa, kòkòrò yóò kú, oró yóò kù. Oúnjẹ náà lè máà kan, ó lè máà rùn, àwọ̀ rẹ̀ lè máà yí padà, ahọ́n kò sì ní mọ nǹkan kan. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ènìyàn bá jẹ ẹ́, èébì yóò dé, inú yóò máa lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ìyára yẹn ni a fi ń fura sí i, nítorí pé kòkòrò náà kò ní láti dúró kí ó tó pọ̀ nínú ikùn. Ohun tí ó ti sè sílẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ìgbà tí a ń sọ níbi ìnáwó pé ọ̀tá ló fi nǹkan sí oúnjẹ, ọwọ́ alásè tí kò fọ̀ ọ́ ni ọ̀tá ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná, nítorí pé òun kò ní wàhálà. Ọ̀sán ni wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ewùrà tó gbó ni wọ́n ń lò, kì í ṣe èyí tó máa ń ṣomi. Wọ́n á rin ín, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ jù ú ní kóró-kóró sínú omi ata àti epo pupa tó ń hó, pẹ̀lú ẹja yíyan, pọ̀nmọ́ àti edé gbígbẹ. Wọn kì í yára rò ó. Wọ́n á dé e fún ìgbà díẹ̀ kí kóró ewùrà lè gbára jọ kí ìgbakọ tó kàn án, ìyẹn ni ènìyàn fi ń bá kóró náà pàdé lẹ́nu, tí kì í ṣe ohun tó ti yọ́ tán. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, irú kò sì bo adùn ẹja mọ́lẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wá ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, n ó ní ẹja kì í pọ̀ tó. Ní ti kòkòrò, ewùrà máa ń yún ọwọ́, ohun ìrin sì máa ń gé oríkèé ìka, nítorí náà ọwọ́ àwọn tó ń rin ewùrà kì í sábà wà láìní ojú egbò kéékèèké; ṣùgbọ́n nítorí pé inú omi híhó ni ohun tí wọ́n rin ń bọ́ sí láìpẹ́, iná ti pa ohun tó bá bá a wọlé kí ó tó ráyè pèsè oró.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kò mọ sí gbígbóná. Ìkọ́kọrẹ́ àná tó ti dì, tí a lè gé bí ẹni gé mọ́ínmọ́ín, pẹ̀lú ẹ̀bà tútù tí a fi gààrì Ìjẹ̀bú tó kan tẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi dàgbà, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ka gbígbóná sí ìkọ́kọrẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ Màmá, títí tí yóò fi tán, adùn rẹ̀ sì ju ti gbígbóná lọ, nítorí pé ata àti epo ti wọ inú ewùrà ní òru. Òun náà sì ni ó yẹ kí ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó fi í sẹ́nu. Oúnjẹ sísè ni kòkòrò yìí fẹ́ràn jù. Nínú oúnjẹ tí iná kò tíì kàn, àwọn kòkòrò mìíràn tó lágbára jù ú lọ pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í fún un láyè. Iná ló ń pa àwọn wọ̀nyẹn, nítorí náà bí ọwọ́ ẹnì kan bá kan oúnjẹ lẹ́yìn tó ti kúrò lórí iná, ilé òfìfo ni kòkòrò náà wọ̀. Omi wà nínú ìkọ́kọrẹ́, ẹja wà níbẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ kò sì tó ohun tó lè dí i lọ́wọ́, nítorí pé ó lè gbé nínú iyọ̀ tó pọ̀ ju èyí tí ẹnu wa lè gbà lọ. Ó ń gbèrú láti nǹkan bí 7°C títí dé nǹkan bí 48°C, ibi tí ó sì ti ń yára jù ni 37°C, ìyẹn ìgbóná ara ènìyàn. Ìkòkò ńlá tí a dé sí igun ilé ìdáná láti alẹ́ kì í tètè tutù dénú. Bí òkè rẹ̀ bá ti dì, àárín rẹ̀ ṣì lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọ̀gànjọ́.

Ẹnì kan tó fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ àkókò yìí wò ni Barber, onímọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ ní Fílípìnì, tó sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1914. Wàrà màlúù kan ló ń dá inú rú. Nígbà tí ó mu ún bí wọ́n ṣe fún un lára màlúù, kò ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìfi sínú òtútù kí ó tó mu ún, àìsàn gbé e dè. Màlúù kan náà ni, wàrà kan náà ni, wákàtí ló yàtọ̀.

Màmá kò gbọ́ nípa Barber rí, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ bá ohun tí ọkùnrin náà rí mu. Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni ìkọ́kọrẹ́ tútù yìí sùn?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, kò sun inú ìkòkò.” Ó sì ní kí n wá wo ilé ìdáná. Bí ìkòkò ìrọ̀lẹ́ bá ti sọ̀, ìgbakọ tí wọ́n ti fi omi híhó ṣàn ni wọ́n fi ń bù ú sínú àwọn abọ́ pẹrẹsẹ, tí kì í sì í nípọn kọjá ìwọ̀n ìka méjì. Wọ́n á gbé àwọn abọ́ náà sínú ọpọ́n omi tútù, bí ooru bá sì ti kúrò lára wọn, wọ́n á dé wọn, wọ́n á kó wọn sínú fìríìjì. Kò sí ọwọ́ kankan tó kàn án láti orí iná títí dé iwájú oníbàárà. Ní ọjọ́ tí iná mànàmáná bá lọ, tí kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, kì í sí ìkọ́kọrẹ́ tútù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń kùn. Ó tó gẹ́ẹ́ láti jẹ́ kí n máa jẹun níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò rí níbòmíràn. Nígbà kan, ọmọbìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní àkàndùn ní àtàǹpàkò. Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, wọ́n á fi aṣọ wé àtàǹpàkò náà, ọmọ á sì máa bu ọbẹ̀ lọ. Màmá mú un kúrò nídìí oúnjẹ, ó ní kí ó máa gbálẹ̀, kí ó sì máa to àga títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi jinná, kò sì gé owó rẹ̀. Àìgé owó yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ pé eéwo yóò gba owó oṣù òun lọ́wọ́ òun yóò fi eéwo pamọ́ sábẹ́ aṣọ, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Òfin ìmọ́tótó tí wọ́n bá kọ sára ògiri kò lè ṣe ohun tí owó oṣù tó pé yìí ṣe.

Bí ó ti rí nínú ilé ìdáná kọ́ ni ó rí níwájú, níbi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún àwọn tó ń gbé e lọ ilé. Ẹni tó wà níbẹ̀ máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú ọ̀rá kí ó lè là, kí ó tó bu ìkọ́kọrẹ́ sínú rẹ̀. Àṣà yìí ti wọ́pọ̀ débi pé ojú kì í rí i mọ́, láti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wà. Ẹnu àti imú kò jìnnà síra, ihò imú sì ni ilé kòkòrò tí à ń sọ. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ náà lójú ẹsẹ̀ kò ní rí ìjà rẹ̀, nítorí pé kòkòrò kò tíì ráyè. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á báyìí ń lọ sí Èkó, inú ọkọ̀ tó móoru ni ọ̀rá náà yóò wà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì bá wọn lọ́nà, ó lè pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tú u. Oúnjẹ tí Màmá fi gbogbo òru dáàbò bò nínú fìríìjì ni èémí ẹnu kan ń bá rìnrìn àjò. Mo sọ fún ẹni tó ń tà á, ó ní ọ̀rá ló ń lẹ̀ mọ́ra. Òótọ́ ni, ó ń lẹ̀ mọ́ra. Kí wọ́n fi ìka tó mọ́, tó lómi díẹ̀ lára, ra etí rẹ̀, yóò là. Bí wọ́n bá sì lè máa lo ike olómorí, tí wọ́n fi iye rẹ̀ kún owó oúnjẹ, n kò rò pé oníbàárà kan yóò bínú.

Ẹja díndín tún wà nínú àpótí gíláàsì lórí tábìlì láti òwúrọ̀. Ọwọ́ tó ń gba owó ló ń mú un fún oníbàárà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ yẹn náà ló fi ka náírà, ló fi nu òógùn ojú, ló tún fi gbé ẹja. Ìbọ̀wọ́ tí a kì í pààrọ̀ kò sàn ju ọwọ́ lásán lọ. Mo tilẹ̀ gbà pé ó burú jù ú lọ, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lásán lè rántí fọ̀ ọ́, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ gbà pé ọwọ́ òun mọ́.

Ìrẹsì àti ọbẹ̀ inú kúlà dára ní ọ̀sán, nígbà tí wọ́n ṣì ń jó ènìyàn lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́, lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n. Kúlà kì í dáná. Ooru tí a bá gbé sínú rẹ̀ ló ń tọ́jú, bí wọ́n bá sì ṣe ń ṣí i lemọ́lemọ́ ni ooru náà ń jáde. Oúnjẹ tí a bá fẹ́ tà ní gbígbóná yẹ kí ó máa wà ní 60°C sókè. Èyí tí ènìyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ láìjẹ́ pé ó já a gbà kò dé ibẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí oníbàárà kan ń ṣàròyé pé ọbẹ̀ rẹ̀ ti tutù, tí wọ́n sì dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú sà, a ó gbé e kaná fún yín.” Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi kò dùn, nítorí pé kíkaná lè mú ọbẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò lè dá àwọn wákàtí tó ti kọjá padà.

Kì í ṣe ilé oúnjẹ kékeré nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní Japan ní ọdún 2000, iná lọ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìyẹ̀fun wàrà. Wàrà tó wà lójú ẹ̀rọ dúró nínú ooru, kòkòrò yìí sì gbèrú nínú rẹ̀. Wọ́n fi iná pa kòkòrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn, kòkòrò kú, oró bá ìyẹ̀fun lọ. Nígbà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun náà ṣe wàrà mímu, àwọn ènìyàn tó lé ní 13,000 ló ṣàìsàn. Ìlú tí iná kì í sábà lọ nìyẹn o.

Fún ẹni tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí, oògùn apakòkòrò kọ́ ni ohun tí yóò sáré lọ rà ní kẹ́mísì, nítorí pé oró ló ń dà á láàmú. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń mu díẹ̀díẹ̀ ni. Ọmọdé, arúgbó, aláboyún àti ẹni tí èébì rẹ̀ kò dáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. A ti fi ìlòkulò oògùn kọ́ kòkòrò yìí ní ìjà tó. Òun gan-an ló wà nínú àwo àyẹ̀wò Alexander Fleming, onímọ̀ ìṣègùn kan, ní 1928, nígbà tí èbu kan hù síbẹ̀ tó sì pa á, tí a fi rí oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní Penicillin. Lónìí, Penicillin yẹn kò lè pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú rẹ̀ mọ́.

Owó ọ̀dọ̀ Màmá kò wọ́n ju ti àdúgbò lọ, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ìjókòó sì tó. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ìnuwọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ń lò ń ba iṣẹ́ ọṣẹ náà jẹ́. Èmi máa ń gbọn ọwọ́ mi gbẹ ni. N ó máa lọ fún gbígbóná ní ọ̀sán àti tútù ní àárọ̀, inú abọ́ temi ni n ó sì máa gba èyí tí mo bá fẹ́ gbé lọ ilé. N kò ní ra ẹja orí tábìlì, n kò sì ní ra ohunkóhun látinú kúlà bí oòrùn bá ti ń lọ wọ̀.

Màmá tún máa ń gba iṣẹ́ oúnjẹ ìnáwó, pàápàá lọ́wọ́ àwọn régbérégbé ní àsìkò Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé ní ọjọ́ yẹn, òru ni àwọn ń sè é, kúlà sì ni ó ń wà títí àwọn ẹlẹ́ṣin yóò fi kọjá tán níwájú Aláyélúwà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un ní àkókò náà, kí ó san owó fún alásè tí yóò wá dáná nílé òun láàárọ̀ ọjọ́ ọ̀hún, kí ó sì yọ sàláàdì kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, nítorí pé ẹyin sísè àti ọ̀dùnkún tí ọwọ́ ti bó, tí a po mọ́ ohun mìíràn, tí iná kò sì ní kàn mọ́, kò lè fara da oòrùn ọjọ́ yẹn.